Ẹ́ńjìnnì bàálù tó dùbúlẹ̀ sílẹ̀: kí ló yẹ ká fi gbẹ inú ẹ̀, ọ́ìlì ni, sílíkà ni, àbí ká kàn máa tan án?

Ẹ kú òjò o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ifẹ̀ ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí. Wọ́n ní ẹ́ńjìnnì bàálù kékeré kan, Lycoming onísílíńdà mẹ́rin, wọ́n fẹ́ máa fi kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́, àmọ́ ilé tí wọ́n máa gbé e sí kò tíì parí, ó di ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n bá gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìsọ̀kun níbí ní Iléṣà, wọ́n ní kí n jọ̀ọ́ kí n máa tan án ní gbogbo Sátidé fún ìṣẹ́jú márùn-ún kó má baà dógùn-ún. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, ohun tó máa pa á gan-an lẹ ní kí n ṣe yẹn.

Mi ò fi ẹnu lásán sọ ọ́. Mo lo ọdún 11 ní háńgà l'Ékòó kí n tó padà wálé wá máa tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, mo sì rí ohun tí ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn ń ṣe. Ọ̀gá kan ní bàálù tí wọn ò ráyè wà, wọ́n wá gba ọmọkùnrin kan, gbogbo àárọ̀ Sátidé ló máa ń wá tan án, á jẹ́ kó kùn díẹ̀, á pa á, á máa lọ. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan àbọ̀, ọkàn ọ̀gá balẹ̀ pé àwọn ń tọ́jú nǹkan àwọn. Lọ́jọ́ tí a yọ sílíńdà kan kúrò, mo fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ẹ̀, kámù, irin tó ń ṣí fáàfù, tó yẹ kó máa dán bí àwo tuntun ti dá kòtò kéékèèké bí ojú ẹni tí ṣọ̀pọ̀ná ti bá jà. Mo fi èékánná họ ọ́, èékánná mi ń há sínú ẹ̀. A la fílítà ọ́ìlì, a rí irin wẹ́wẹ́ tó ń dán yinrinyinrin bí iyẹ̀pẹ̀ góòlù Ìtagunmódì. Ẹ́ńjìnnì tí kò tíì ṣiṣẹ́ dé ibì kan o, ṣe la tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀. Ojú ọ̀gá yẹn lọ́jọ́ náà ò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Kí n tó fi àwọn ọ̀nà tó wà wé ara wọn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí omi ti ń dé inú ẹ́ńjìnnì, torí ẹni tí kò bá mọ ọ̀nà tí olè gbà wọlé, ilẹ̀kùn tí kò yẹ ló máa tì.

Omi yẹn, ọ̀nà méjì ló gbà ń wọlé. Èkíní ni afẹ́fẹ́. Ẹ wo ìgò míníràà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú fíríìjì, ṣé ẹ rí bó ṣe máa ń làágùn? Ẹ́ńjìnnì náà ń làágùn bẹ́ẹ̀, inú lọ́hùn-ún ló sì ti ń làágùn, níbi tí ojú ò tó. Irin ńlá ni, á tutù mọ́jú, kì í tètè gbóná láàárọ̀, afẹ́fẹ́ tó ti rin ló máa kọ́kọ́ gbóná tó sì máa gba bírídà, ìyẹn páìpù tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí, wọlé lọ bá a. Tí afẹ́fẹ́ bá wà ní 25°C tí ọ̀rinrin ẹ̀ sì jẹ́ 90%, bí òjò ṣe máa ń jẹ́ kó rí lọ́dọ̀ wa láàárọ̀, irin tó bá fi ìwọ̀n méjì péré tutù jù ú, omi á sẹ̀ sí i lára. Ìkejì sì rèé, òun ló máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu: ẹ́ńjìnnì fúnra ẹ̀ ń ṣe omi. Lítà bẹntiróòlù kan tó bá jó, nǹkan bíi lítà omi kan ló máa mú jáde, ojú la ò fi ń rí i torí bí èéfín omi ló ṣe ń bá sálẹ́ńsà jáde. Púpọ̀ nínú ẹ̀ á jáde lóòótọ́, àmọ́ díẹ̀ máa ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ríǹgì wọ inú ibi tí kiránkì, irin ńlá tó ń yí abẹ̀bẹ̀ iwájú, àti ọ́ìlì wà, tòun ti ásíìdì tó ń ti inú iná epo wá.

Irin àti ọ̀rinrin ní ìwọ̀n tí wọ́n fi ń bára wọn jà. Tí ọ̀rinrin bá ti lé ní 60%, ìpẹtà á máa sáré. Tó bá wà lábẹ́ 40%, díẹ̀ báyìí ló kù kó má lè ṣe irin ní nǹkan kan. Ohun tí à ń wá nìyẹn, kí inú ẹ́ńjìnnì wà lábẹ́ 40, kó sì wà níbẹ̀ tọ̀sán tòru.

Ká kọ́kọ́ mú ti títan án kúrò nílẹ̀

Àwọn Lycoming tó ṣe ẹ́ńjìnnì yìí fúnra wọn kọ ọ́ sínú ìwé ìtọ́ni wọn tí wọ́n ń pè ní L180, pé títan ẹ́ńjìnnì nílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kò lè rọ́pò fífò, pé ṣe ló tún máa ń dá kún ìpẹtà. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kí bàálù gbéra, kó fò fún wákàtí kan gbáko ó kéré tán láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, kí ọ́ìlì sì gbóná dé 165 sí 200°F, ìyẹn nǹkan bíi 74 sí 93°C. Ní ìwọ̀n yẹn omi inú ọ́ìlì á di èéfín omi, á bá bírídà jáde. Ìṣẹ́jú márùn-ún ò lè gbé ọ́ìlì débẹ̀, omi tuntun lẹ kàn dà sínú ẹ̀ tẹ́ ẹ sì dé e mọ́lẹ̀, Sátidé tó ń bọ̀ ẹ tún dà sí i.

Ẹ má sì fi ọwọ́ yí abẹ̀bẹ̀ iwájú ẹ̀ pé ẹ fẹ́ kí ọ́ìlì ta kiri. Kì í ta kiri, ṣe ló ń nu ọ́ìlì tó kù lára sílíńdà àti kámù kúrò, irin á wá wà ní ìhòòhò. Ewu tún wà ńbẹ̀, abẹ̀bẹ̀ lè ṣàdédé gbá èèyàn tí iná pọ́lọ́ọ̀gì bá ṣì wà.

Nítorí náà tí bàálù yín bá ń fò ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀, fífò ló dáa jù nínú gbogbo ohun tí mo máa sọ, ẹ máa fò ó lọ. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀gbọ́n wà lórí sítáńdì, kò lè fò, ó tán.

Ọ́ìlì ìpamọ́ ńkọ́?

Èyí kì í ṣe ọ́ìlì tí à ń lò lójoojúmọ́. Ó lóògùn nínú tó máa ń lẹ̀ mọ́ irin tí kì í jẹ́ kí omi fara kàn án, orúkọ tí wọ́n fi ń rà á ni MIL-C-6529, Type II inú ẹ̀ ni èyí tí wọ́n ti pò tán. Ẹ máa fi kún inú ẹ́ńjìnnì, ẹ máa tan án kó gbóná dáadáa lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ẹ máa fọ́n díẹ̀ sínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan láti ihò pọ́lọ́ọ̀gì. Ohun tí mo fẹ́ràn lára ẹ̀ ni pé kò nílò iná. Yálà iná wà àbí kò sí, kò kàn án.

Àléébù ẹ̀ ni pé ọ́ìlì máa ń ṣàn wálẹ̀, bópẹ́ bóyá. Níbi tí Lycoming àti Continental, ilé iṣẹ́ kejì tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì bàálù kékeré, ti yàtọ̀ síra nìyí. Nínú Continental, abẹ́ kiránkì ni kámù wà. Nínú Lycoming, òkè kiránkì ni wọ́n gbé kámù sí, torí náà òun ni ọ́ìlì ń kọ́kọ́ fi sílẹ̀, òun ni ìpẹtà sì ń kọ́kọ́ jẹ. Ẹni tó bá ní Lycoming tó dá ọ́ìlì nìkan lé, tó sì fi sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà lásìkò òjò, ọkàn mi ò balẹ̀ fún irú wọn.

Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo: lọ́jọ́ tí ẹ bá máa padà tan án, ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì ìsàlẹ̀ kí ọ́ìlì tó wà nínú sílíńdà ro dànù. Ọ́ìlì kì í fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́, tí písítìn bá lọ fi orí gbá a, apá tó gbé písítìn á tẹ̀.

Sílíkà tí kò lo iná

Gbogbo wa la mọ sílíkà, òun ni hóró wínníwínní inú pákẹ́ẹ̀tì kékeré tí a máa ń bá nínú páálí bàtà. Kílò kan ẹ̀ lè gba omi tó tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n ara ẹ̀ tí afẹ́fẹ́ bá rin gan-an. Fún bàálù, wọ́n ń rọ ọ́ sínú ike tó mọ́ gaara tí ojú ń rí inú ẹ̀, tí wọ́n là ní ẹsẹ̀ bíi pọ́lọ́ọ̀gì, ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì òkè, ẹ dè é síbẹ̀. Ẹ tún fi àpò sílíkà sínú sálẹ́ńsà àti ibi tó ti ń mí afẹ́fẹ́ sínú, ẹ wá fi náílọ̀n àti tépù dí wọn. Búlúù ni hóró ẹ̀ tó bá gbẹ, tó bá ti yó omi á di àwọ̀ òdòdó, ìyẹn píńkì. Ẹni tó ń kọjá lọ lè rí i láìtú nǹkan kan.

Bàálù ńláńlá náà ń lo àpò yìí. Lọ́dún 2020 tí Kòrónà dá gbogbo ọkọ̀ òfurufú dúró, inú aṣálẹ̀ ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ wọn lọ, ní Teruel lórílẹ̀-èdè Sípéènì, ní Alice Springs lọ́hùn-ún ní Ọsirélíà, torí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ fúnra ẹ̀, wọ́n sì ń fi àpò sílíkà sínú ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì wọn kí wọ́n tó bò wọ́n lójú. Ní oṣù keje ọdún náà, FAA, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú, pàṣẹ pàjáwìrì lórí àwọn Boeing 737 kan, pé èyí tó bá ti wà nílẹ̀ fún ọjọ́ méje tẹ̀léra, kí wọ́n yẹ fáàfù kan wò lára ẹ́ńjìnnì ẹ̀ kó tó fò, torí ìpẹtà ti mú kí fáàfù yẹn há tí ẹ́ńjìnnì sì kú lófuurufú nígbà mẹ́rin. Ọjọ́ méje o! Ẹni tó bá ń sọ pé oṣù méjì kì í ṣe nǹkan kan, ẹ bá mi sọ fún un.

Ibi tí pọ́lọ́ọ̀gì sílíkà kù sí ni pé inú sílíńdà nìkan ló ń tọ́jú dáadáa. Kámù tí à ń sunkún lé lórí, ọ̀dọ̀ kiránkì ló wà, sílíkà inú pọ́lọ́ọ̀gì kò fi bẹ́ẹ̀ débẹ̀. Hóró inú ẹ̀ náà kéré. Lásìkò òjò Iléṣà, lọ́dọ̀ mi, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ló ti ń di òdòdó, tẹ́ni kankan ò bá wá wò ó, ike lásán ló kù lára ẹ́ńjìnnì yẹn.

Sílíkà tó ń lo pọ́ǹpù

Èyí lọ̀rọ̀ mi. Ẹ̀rọ tó ń gbẹ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, wọ́n ń tà á lókè òkun ní odindi, àmọ́ ohun tó wà nínú ẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ: ike tó kún fún sílíkà, pọ́ǹpù kékeré bí èyí tí àwọn tó ń sin ẹja nínú gíláàsì fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sómi, àti rọ́bà tín-ínrín méjì. Pọ́ǹpù á ti afẹ́fẹ́ gba inú sílíkà kọjá, afẹ́fẹ́ tó ti gbẹ á wọ ẹ́ńjìnnì láti ibi tí à ń ki gééjì ọ́ìlì bọ̀, á rìn kiri ọ̀dọ̀ kiránkì àti kámù, á bá bírídà jáde, rọ́bà kejì á sì gbé e padà sínú pọ́ǹpù.

Ẹ kíyè sí ìpadà yẹn dáadáa torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ṣe. Àwọn kan á ní kí afẹ́fẹ́ kàn jáde síta, wọ́n fẹ́ dín owó rọ́bà kù. Pọ́ǹpù wọn á wá máa mu afẹ́fẹ́ òde tó rin ní gbogbo ìgbà, sílíkà á yó kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Àmọ́ tó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ kan náà ló ń yí, omi tó wà nínú ẹ̀ níye, sílíkà á gbà á tán, lẹ́yìn náà ó kàn ń ṣọ́ èyí tó bá yọ́ wọlé ni.

Ihò kékeré kan wà lára páìpù bírídà lókè, wọ́n dá a síbẹ̀ kó lè máa mí tí yìnyín bá dí ẹnu páìpù lófuurufú. Ẹ fi tépù pupa dí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ òde á máa gbà wọlé. Ẹ sì fi fóòmù tó fún pọ̀ tàbí fílítà sẹ́nu ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń kúrò nínú sílíkà, eruku hóró yẹn le, tó bá dénú ẹ́ńjìnnì ṣe ló máa dà bí pé ẹ bu iyanrìn sí i.

Tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀gbọ́n, ìgò ike tí gíráàmù 500 sílíkà kún ni mo lò. Mo fi gééjì tó ń ka ọ̀rinrin sínú ike kékeré kan lójú ọ̀nà ìpadà. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ tàn án, 86 ló kà, lọ́jọ́ kejì ó ti wá sí 41, ọjọ́ kẹrin ó wà ní 29. Òjò ń rọ̀ nígboro, odò Adéti ti kún, nọ́ńbà yẹn ò kúrò níbẹ̀. Mo pe ìyàwó mi wá wò ó, inú mi dùn gan-an ni.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún hóró ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di òdòdó tán. Mo dà á sórí òṣùwọ̀n, gíráàmù 500 ti di 590. Gíráàmù 90 omi nìyẹn, ìdajì ife tíì, tí kò ráyè jókòó sórí kámù. Gbígbẹ ẹ̀ padà kò le, bí ẹní yan gààrí ni. Iná jẹ́jẹ́, agbada fífẹ̀, ẹ máa rò ó lọ rò ó bọ̀, nǹkan bíi 120°C fún wákàtí méjì, ẹ óò rí i tí àwọ̀ búlúù á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láti etí agbada bọ̀ wá sáàárín. Tí iná bá pọ̀ jù hóró á jóná, kò ní gba omi mọ́. Àmọ́ o, agbada tí ẹ bá lò fún un kò gbọdọ̀ padà sí ìdí oúnjẹ láé. Kóbáọ̀tì ló wà nínú àwọ̀ búlúù yẹn, kò dáa fún ara, ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, ẹ dí imú yín. Tẹ́ ẹ bá rí èyí tó ní àwọ̀ ọsàn tó máa ń di àwọ̀ ewé tó bá yó omi, òun ni kẹ́ ẹ rà, kò ní kóbáọ̀tì nínú.

Iná tó ń jẹ ò ju wáàtì mẹ́rin márùn-ún lọ. Sólà kékeré tí à ń fi ṣáàjì fóònù gbé e. Tí iná bá sì lọ fún wákàtí mélòó kan, ibi tí ẹ ti dí gbogbo ihò, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ ṣì máa gbẹ títí iná á fi dé, èyí ló fi ju ẹ̀rọ ńlá lọ fún irú wa.

Ẹ̀rọ ńlá tó ń gbẹ gbogbo yàrá

Èyí tó ní kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ bíi fíríìjì, tó ń fa omi inú afẹ́fẹ́ sínú gálọ́ọ̀nù. Nínú ooru bíi tiwa ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kódà ó ń ṣe dáadáa níbí ju ìlú òtútù lọ, torí níbi tó bá ti tutù yìnyín á máa dì lára ẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lo ẹ̀rọ oní-sílíkà ńlá dípò ẹ̀. Tí ẹ bá ní bàálù mẹ́ta mẹ́rin nínú yàrá kan tó dé pa, tí iná sì wà, òun ni kẹ́ ẹ rà, torí yàtọ̀ sí ẹ́ńjìnnì á tún tọ́jú rédíò àti wáyà. Ṣùgbọ́n wáàtì 200 sí 500 ló ń jẹ, kò sì gbọdọ̀ sí àlàfo lábẹ́ páànù. Ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìsọ̀kun, òkè ẹ̀ ṣí, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ṣí, gbogbo afẹ́fẹ́ Iléṣà ni ẹ̀rọ yẹn á máa gbìyànjú láti gbẹ.

Ẹ jẹ́ kí n wá gbé wọn síwájú ara wọn bó ṣe rí lọ́kàn mi. Tó bá jẹ́ pé oṣù kan péré ló máa fi wà nílẹ̀, pọ́lọ́ọ̀gì sílíkà àti tépù ti tó. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ tí kò sí iná rárá tí kò sì sẹ́ni tó máa dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ọ́ìlì ìpamọ́ àti pọ́lọ́ọ̀gì sílíkà papọ̀, kẹ́ ẹ wá ẹnì kan tó máa yọjú lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ bẹ̀ ẹ́, ẹ sanwó fún un tó bá gbà bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ Lycoming, tó máa pẹ́, tí ẹ̀yin sì ń dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, pọ́ǹpù oní-sílíkà, kí ọ́ìlì ìpamọ́ sì wà lábẹ́ ẹ̀. Ohun tí mo ṣe fún ẹ̀gbọ́n nìyẹn. Ẹni tí kò ní ráyè wo àwọ̀ hóró, kó má ra pọ́ǹpù, torí sílíkà tó ti yó omi, omi yẹn náà ló máa máa fẹ́ padà sínú ẹ́ńjìnnì.

Ẹ̀yin oní-jẹnẹrétọ̀ tí ẹ ti ń béèrè pé tiwa ńkọ́, tiyín rọrùn díẹ̀ torí ẹ lè gbé ẹrù lé e nílẹ̀. Ẹ má tan án lásán. Ẹ so fíríìjì àti áyọ́ọ̀nù mọ́ ọn, kó ṣiṣẹ́ gidi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kó gbóná délẹ̀. Èyí tó bá máa wà nílẹ̀ fún ọdún kan, ẹ wá bá mi ká jọ sọ ọ́.

Ó ku ohun kan tí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣeré. Gbogbo ohun tí ẹ bá dí lára ẹ́ńjìnnì ló gbọdọ̀ jáde kó tó tún ṣiṣẹ́, bírídà tí wọ́n gbàgbé tépù lójú ihò ẹ̀ lè já síìlì ọ́ìlì lófuurufú. Mo kọ ti ẹ̀gbọ́n sórí páálí ńlá kan, mo so aṣọ pupa mọ́ ọn, mo gbé e kọ́ síbi tí abẹ̀bẹ̀ máa ń wà: sálẹ́ńsà 1, ibi tó ti ń mí 1, bírídà 1, ihò ara bírídà 1, gééjì ọ́ìlì 1, pọ́lọ́ọ̀gì sílíkà 4. Mẹ́sàn-án ni gbogbo ẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá gbé e lọ sí Ifẹ̀, èmi àtàwọn la jọ máa kà á, mi ò ní jẹ́ kí ọkọ̀ gbéra títí mẹ́sàn-án á fi pé sórí tábìlì.